Àwọn Ọlọ́lá Èsìẹ́ Tí Orúkọ Wọn Sọnù

Àwọn baba wa ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n bí ilé náà bá wó, tí àwọn ará ilé sì túká, ta ni yóò rántí orúkọ tí a sọ ọmọ? Ọ̀rọ̀ yìí ni ó wà lọ́kàn wa tí a fi mú kálàmù lọ́wọ́ láti bá ẹ̀yin ònkàwé wa sọ̀rọ̀, ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ̀yin olùkọ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn ìlọsíwájú ilẹ̀ yìí. Ní ìpínlẹ̀ Kwara wa níhìn-ín, ní ibi tí ènìyàn lè ti Adéwọlé ní Ìlọrin gbéra ní òwúrọ̀ kí ó sì padà wá jẹun alẹ́ nílé, àwọn ọlọ́lá ayé àtijọ́ tí iye wọn lé ní 1,000 wà ní ìjókòó. Òkúta ni a fi gbẹ́ wọn. Ilẹ̀kẹ̀ ń bẹ lọ́rùn wọn, ìmúra wọn sì jẹ́ ti ẹni ńlá. Ṣùgbọ́n kò sí alààyè kan lónìí tí ó lè dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú wọn.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn ti ṣe tọ́jú àwòrán àwọn ọlọ́lá tiwọn. Púpọ̀ nínú yín ni ó ti rí gíláàsì aláràbarà nínú fèrèsé àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, tí ó jẹ́ pé bí oòrùn bá ràn sí i, àwọ̀ pupa, àwọ̀ aró àti àwọ̀ ewé a máa tàn wọ inú ilé. Iṣẹ́ àtijọ́ ni iṣẹ́ yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Yanrìn àti eérú igi ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń yọ́ pọ̀ nínú iná tí ó gbóná gidigidi. Bí wọ́n bá fẹ́ àwọ̀, wọn a fi bàbà sí i fún pupa tàbí ewé, wọn a sì fi kóbáltì sí i fún àwọ̀ aró. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò gé gíláàsì náà wẹ́wẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán tí wọ́n ti yà sílẹ̀, wọn a fi ọ̀dà dúdú ya ojú, irun àti ìka ọwọ́ sí i, wọn a tún dá a padà sínú iná kí ọ̀dà náà lè mú, wọn a sì fi òjé so gbogbo rẹ̀ pọ̀ di odidi fèrèsé kan.

Ẹ má ṣe rò pé àwòrán àwọn ẹni mímọ́ nìkan ni wọ́n ń yà bẹ́ẹ̀. Ní ilé ìsìn ńlá kan ní ìlú Tewkesbury, àwọn fèrèsé kan wà tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1340. Àwọn jagunjagun ọlọ́lá ni ó dúró nínú wọn, pẹ̀lú ẹ̀wù irin lára àti ohun ìjà lọ́wọ́. Àwọn ni olúwa ìlú náà láti ìran dé ìran: FitzHamon, Clare, Despenser. Bí ènìyàn bá sì lọ sí ìgbèríko Berkshire, yóò rí ilé ọlọ́lá kan tí à ń pè ní Ockwells, tí Sir John Norreys kọ́ ní àárín ọ̀rúndún 15. Olùtọ́jú aṣọ àti ẹrù ọba ni Norreys jẹ́ láàfin Ọba Henry kẹfà. Nínú àwọn fèrèsé gbọ̀ngàn ilé rẹ̀, ó fi gíláàsì aláràbarà ṣe àmì ìdílé ọba, ti ayaba Margaret, ti àwọn ọlọ́lá tí òun àti wọn jọ ń rìn, àti ti òun tìkára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àmì ìdílé yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Olúkúlùkù ìdílé ọlọ́lá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ní àmì tirẹ̀. Ó lè jẹ́ kìnnìún, ó lè jẹ́ ẹyẹ, ó lè jẹ́ ìlà pupa mẹ́ta lórí àwọ̀ ìyeyè. Ìdílé kan kò sì gbọdọ̀ lo ti ìdílé kejì. Àwọn akọ̀wé kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kọ àmì gbogbo ìdílé sínú ìwé kí àríyànjiyàn má baà wà. Bí a bá fẹ́ fi ohun tí a mọ̀ ṣe àkàwé rẹ̀, ilà ojú àti oríkì ni a lè fi í wé: ohun tí ojú rí tí ó sì mọ ọmọ ẹni tí ènìyàn í ṣe. Nítorí náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adé bọ́ lórí Ọba Henry kẹfà ní ọdún 1461, tí a sì pa á ní ọdún 1471, ẹni tí ó bá wo fèrèsé Ockwells lónìí lè tọ́ka sí àmì kọ̀ọ̀kan kí ó sì sọ pé, ti lágbájá rèé, ọmọ lágbájá.

Àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì náà ti fi ọwọ́ ara wọn ba púpọ̀ jẹ́ nínú ìṣúra yìí. Ní ọdún 1643 àti 1644, nígbà tí ogun abẹ́lé wà ní ilẹ̀ wọn, ọkùnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ William Dowsing gba àṣẹ láti máa lọ láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ṣọ́ọ̀ṣì ní agbègbè Cambridge àti Suffolk láti fọ́ àwòrán. Gíláàsì tí ó fọ́ kò níye. Ṣùgbọ́n nígbà tí ogun àgbáyé kejì fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, wọ́n ti kọ́ ọgbọ́n. Wọ́n tú gíláàsì àtijọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Canterbury kúrò nínú fèrèsé, wọ́n sì kó o pamọ́. Nígbà tí bọ́ǹbù sì já lu ìlú náà ní ọdún 1942, ìṣúra náà kò bá a lọ.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Bí ẹnìkan bá wí pé àwọn baba wa kò mọ iṣẹ́ gíláàsì, kí ó lọ béèrè ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Igbó Olókun níbẹ̀, àwọn awalẹ̀-wá-ìtàn ti hú ìkòkò tí a fi ń yọ́ gíláàsì jáde, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kẹ̀ gíláàsì kéékèèké tí iye wọn ju 12,000 lọ. Ọmọ̀wé Abídèmí Babátúndé Babalọlá, ọmọ ilẹ̀ wa, ni ó ṣe aṣáájú iṣẹ́ náà, ó sì fi hàn pé láti nǹkan bí ọ̀rúndún 11 títí dé ọ̀rúndún 15 ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń fi ohun èlò ilẹ̀ wọn ṣe gíláàsì tiwọn, tí kò jọ ti Lárúbáwá tàbí ti Òyìnbó. Ní ìgbà kan náà tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi gíláàsì ya àwòrán ọlọ́lá sí fèrèsé, àwọn tiwa ń wọ gíláàsì sọ́rùn láti fi hàn pé ọlọ́lá ni àwọn. Ọ̀nà yàtọ̀, ète jọra.

Irú ọ̀ṣọ́ ọrùn bẹ́ẹ̀ ni a tún bá lára àwọn ère Èsìẹ́, tí àwọn oníṣọ̀nà gbẹ́ mọ́ òkúta. Ìlú Èsìẹ́ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, kò jìnnà sí Òró àti Òmù-Àrán. Ẹni tí ó bá ti Ìlọrin lọ yóò gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo. Òkúta tí a fi gbẹ́ àwọn ère náà jẹ́ irú èyí tí ó rọ̀, tí ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, tí ọ̀bẹ lè mú. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn kò ju nǹkan bí sẹ̀ntímítà 14 lọ. Àwọn tí ó tóbi jù sì lé ní mítà kan. Kò sí ibòmíràn ní ilẹ̀ Áfíríkà níhà gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà tí a ti rí ère irú òkúta yìí tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú kan.

Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Púpọ̀ jókòó lórí àpótí tí ó rí bí olú. Àwọn mìíràn mú idà lọ́wọ́, wọ́n gbé e lé èjìká. Obìnrin pàápàá mú idà nínú wọn. Àwọn kan ń lu ohun èlò orin. Irun orí wọn ni ó ya ènìyàn lẹ́nu jù, nítorí oríṣiríṣi ni: èyí tí a dì sókè, èyí tí a pín sí ọ̀nà púpọ̀, àti fìlà tí a fi ọnà sí. Ilà wà lójú ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹni tí ó bá wò wọ́n dáadáa yóò rí i pé ojú wọn kò jọra, bí ẹni pé oníṣọ̀nà náà mọ olúkúlùkù wọn, ó sì mọ ipò tí ó yẹ kí ó fi í sí. Ẹ gbà wá gbọ́, kì í ṣe àwùjọ mẹ̀kúnnù ni ó jókòó síbẹ̀. Ààfin kan ni, tí ó pé pẹ̀lú ìjòyè, ológun, ìyáàfin àti onílù rẹ̀.

Àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé àwọn baba àwọn ni ó gbẹ́ wọn. Ìtàn wọn ni pé láti Ọ̀yọ́ Ilé ni àwọn ti wá, àti pé àwọn bá ère wọ̀nyí nínú igbó ni. Wọ́n dárúkọ ọdẹ kan, Baragbọn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó kọ́kọ́ kan wọn níbi tí ó ti ń dẹ igbó, a sì ń gbé ìgbà náà sí nǹkan bí ọdún 1775. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé ènìyàn ni wọ́n rí nígbà kan, pé àlejò ni wọ́n, àti pé a sọ wọ́n di òkúta. Èyí tí ó tóbi láàárín wọn ni a ń pè ní Ọba Ère, ìlú sì ń ṣe ọdún fún àwọn ère náà lọ́dọọdún, pẹ̀lú àwòrò tí ó ń bójú tó wọn. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rò nípa irú ọdún bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a jẹ́wọ́ òtítọ́ kan: àwọn ará Èsìẹ́ ni ó ṣọ́ ìṣúra yìí fún wa ní nǹkan bí 150 ọdún kí akọ̀wé kankan tó mọ̀ pé ó wà.

Ọdún 1933 ni ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn aláṣẹ, nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni H. G. Ramshaw, alábẹ̀wò àwọn ilé-ẹ̀kọ́ C.M.S., dé ìlú náà tí a sì fi àwọn ère hàn án. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni J. D. Clarke ti ẹ̀ka ètò ẹ̀kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, ó sì kọ̀wé nípa wọn. Ní ọdún 1943, ìjọba fi Ọ̀gbẹ́ni K. C. Murray sí ipò alábòójútó ohun àtijọ́ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1945, a dá ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sílẹ̀ ní Èsìẹ́. Ẹ jẹ́ kí a tún èyí sọ kí ó lè wọ̀ wá létí: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kìíní ní gbogbo Nàìjíríà, ṣáájú ti Èkó, ṣáájú ti Ifẹ̀, ìlú Èsìẹ́ ni ó wà. Ní ọdún 1965, ará Amẹ́ríkà kan, Phillips Stevens, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó ka àwọn ère náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tẹ ìwé ńlá jáde nípa wọn ní ọdún 1978.

Kí ni àwọn ọ̀mọ̀wé rí? Wọ́n yẹ amọ̀ sísun tí a bá níbẹ̀ wò, ó sì tọ́ka sí nǹkan bí ọdún 1100. Èyí fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àwọn ère náà ti wà kí a tó ya ọlọ́lá kan sí fèrèsé Tewkesbury. Ní ti ẹni tí ó gbẹ́ wọn, àwọn kan nawọ́ sí Ifẹ̀, àwọn kan nawọ́ sí Núpé, àwọn mìíràn sì sọ pé ẹ̀yà kan ni, tí ó ti ṣí lọ. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé ibòmíràn ni a ti kó wọn wá sínú igbó náà. Púpọ̀ ni ó ti fọ́, tí orí wà lọ́tọ̀, tí ara wà lọ́tọ̀. Ilà wà lójú wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ilà náà kà ti lọ. Oríkì wọn kò sí lẹ́nu akéwì kankan. Àmì ọlá kù. Orúkọ ọlọ́lá ti bọ́.

Ẹ̀yin ará, níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ẹni tí kò ní orúkọ, ohun méjì péré ni ó lè jẹ́rìí sí i: ara rẹ̀, àti ibi tí a ti bá a. Bí a bá ba ara jẹ́, ẹ̀rí kan lọ. Bí a bá gbé e kúrò níbi tí ó wà láìkọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀rí kejì lọ. Ìdí nìyí tí olè jíjà ère fi burú ju olè jíjà owó lọ. Ẹni tí ó jí owó lè dá a padà, kí owó sì jẹ́ owó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ère tí a jí gbé lóru, tí a fi àpò wé, tí a tà fún ẹni tí ó tà á fún ẹlòmíràn ní òkè òkun, bí ó tilẹ̀ padà wá lọ́jọ́ kan, kò lè sọ fún wa mọ́ ẹni tí ó jókòó tì í lápá ọ̀tún àti ẹni tí ó jókòó tì í lápá òsì.

A kò sọ ọ̀rọ̀ yìí láti fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àgbáyé tí à ń pè ní ICOM gbé ìwé kan jáde tí wọ́n fi kìlọ̀ fún gbogbo ayé nípa àwọn ohun àtijọ́ ilẹ̀ Áfíríkà tí àwọn olè ń kó jù. Ère òkúta Èsìẹ́ wà nínú ìwé náà, pẹ̀lú ère Nok àti ère Ifẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa pẹ̀lú kò dákẹ́. Òfin tí ó dá àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí sílẹ̀ ní ọdún 1979 kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti ra ohun àtijọ́ tàbí láti tà á bí kò bá ní àṣẹ àjọ náà.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ̀yin ni a ń bá wí níbi yìí, nítorí pé ọjà ni olè ń wò kí ó tó jalè. Bí ẹnìkan bá gbé orí òkúta kan wá bá ọ, tí ó ní òun hú u nínú oko, tí ó sì fẹ́ gba owó kíákíá kí ó máa lọ, má ṣe rò pé èrè ni ó wọlé tọ̀ ọ́ wá. Béèrè ibi tí ó ti rí i. Fi ọ̀rọ̀ náà tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tàbí àwọn aláṣẹ ìlú létí. Bí kò bá sí ẹni tí yóò rà, kò ní sí ẹni tí yóò jí.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, ebi ń pa ènìyàn, ẹ ń sọ ọ̀rọ̀ òkúta. A gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ronú síbi ogún. Nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé ilé ẹjọ́, kí ni adájọ́ ń béèrè? Ta ni baba ńlá yín? Níbo ni ó tẹ̀dó sí? Ta ni ó jẹ́rìí sí i? Ẹni tí ó lè dáhùn ni ó ń jàre. Ìlú tí kò lè sọ ìtàn ara rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò sọ ọ́ fún un, bí ó ti wù ú ni yóò sì sọ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Èsìẹ́ nìkan ni irú àdánù yìí ti lè ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá àlejò wa. Ẹ gbé ojú sókè kí ẹ wo àwòrán tí ó wà lára ògiri: bàbá kan tí ó wọ agbádá, tí ó fi ọwọ́ lé orúnkún; ìyá kan tí ó jókòó tì í, tí ó wọ iyùn, tí àwọn ọmọ sì dúró lẹ́yìn wọn. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nílé lónìí lè mọ bàbá náà. Ṣé ọmọ ọmọ yín yóò mọ̀ ọ́n? Mélòó ni a ti rí, tí a bi àwọn ará ilé pé ta nìyí, tí wọ́n sì dáhùn pé, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ilé wa ni! Ẹ ò rí i pé ọ̀nà Èsìẹ́ ni bàbá náà ti ń lọ? Agbádá kù, iyùn kù, orúkọ ti ń bọ́.

Oògùn rẹ̀ kò wọ́n. Kí olúkúlùkù mú àwòrán àgbà ilé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀, kí ó mú pẹ́ńsùlù, kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀: orúkọ olúkúlùkù láti ọ̀tún sí òsì, ìlú rẹ̀, iṣẹ́ tí ó ṣe, ọdún tí a ya á, àti ohun tí ó fa ìyàwòrán náà. Kí àwọn tí àgbà ṣì wà nílé wọn má ṣe jẹ́ kí ọdún yìí kọjá kí wọ́n tó jókòó tì wọ́n láti gba oríkì ìdílé sílẹ̀ sínú ìwé. Akọ̀wé àmì ìdílé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé àti yíǹkì ni ó fi borí ikú.

Ní ti Èsìẹ́, ẹ lọ wò ó. Ẹ kó àwọn ọmọ yín dání ní àkókò ìsinmi. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kó kíláàsì yín lọ. Ẹ fi ọ̀wọ̀ wọlé, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ohun tí a kò ní kí ẹ fọwọ́ kàn, ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ wo ojú kọ̀ọ̀kan títí tí yóò fi tẹ́ wọn lọ́rùn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ènìyàn ń wọ̀ ni ìjọba ń rántí láti tún ṣe. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ni òrùlé rẹ̀ ń jò. Bí ọmọ kan bá sì bi yín léèrè pé kí ni orúkọ bàbá tí ó mú idà yìí, ẹ sọ òtítọ́ fún un pé kò sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi òun náà pé: ìwọ ńkọ́, kí ni orúkọ baba baba rẹ?